Kóńgò Méjì Kò Yẹ Mùsùlùmí: Ọ̀rọ̀ Òmìnira Ẹ̀sìn Láàárín Àwọn Orílẹ̀-Èdè

    

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti di ohun tí wọ́n ń sọ ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń sọ lọ́jà, tí wọ́n sì ń sọ nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà kéde pé orúkọ Nàìjíríà ti padà sínú ìwé tí ìjọba wọn máa ń kọ orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní ìyà ń jẹ ènìyàn nítorí ẹ̀sìn sí. Ní ọjọ́ kejì ó ní òun lè dá ìrànlọ́wọ́ dúró, ó sì ní òun lè rán ọmọ ogun wá nítorí àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n ń pa. Láti ìgbà náà, bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, ìbéèrè ni.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó bi mí pé, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ní àwa Mùsùlùmí ni apànìyàn? Àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí a jọ ń ná ọjà, ojú wo ni wọn yóò máa fi wò wá?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kàwé ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè fi ìbínú sọ tirẹ̀ pé, "Àáfà, kí ló kan Amẹ́ríkà nínú ọ̀rọ̀ wa? Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí wọ́n ń pariwo yẹn, ẹ̀tàn òyìnbó ni."

Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ìdáhùn kan náà ni ó tọ́ sí àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ẹni tí ó ní kóńgò méjì. Èyí tí ó tóbi ni ó fi ń ra ìrẹsì, èyí tí ó ti fi òkúta lù nídìí ni ó fi ń tà á. Ọlọ́run Ọba bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wí gidigidi nínú Súrà Mutọfifínà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn, ọjà ni. Àwọn alágbára ayé ní kóńgò méjì níbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí náà ní, àwa tí a wà nílé pàápàá kò mọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kóńgò rẹ̀ bá pé nìkan ni ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ láti bá ẹlòmíràn wí.

Ohun tí ó wà nínú ìwé náà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí Amẹ́ríkà ń ṣe. Ní ọdún 1998, nígbà tí Bill Clinton jẹ́ Ààrẹ, wọ́n ṣe òfin kan pé kí ìjọba wọn máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wò ní orílẹ̀-èdè gbogbo lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí ó burú jù sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ibẹ̀, wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀, wọ́n lè dá owó dúró, wọ́n sì lè dárí jì í bí wọ́n bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní.

Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ wọ inú ìwé náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 wọ́n yọ ọ́ kúrò, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Antony Blinken, tí ó jẹ́ Akọ̀wé wọn fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, wá sí Àbújá. Ní ọdún 2025 wọ́n tún kọ ọ́ sí i. Ẹ wá bi ara yín: láàárín ọdún 2020 sí 2021, ṣé àwọn ajínigbé ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí Boko Haram ti kó ìbọn dà sílẹ̀? Kò sí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Ìjọba tí ó wà lórí oyè ní Amẹ́ríkà ni ó yí padà. Kóńgò méjì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ mi má tíì pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wọ́n dìbò ní Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní Geneva, bóyá kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ nípa ìyà tí ó ń jẹ àwọn Mùsùlùmí Uyghur ní ilẹ̀ Ṣáínà. Wọn kò tíì ní kí wọ́n fi ìyà jẹ Ṣáínà o. Kí wọ́n sáà sọ̀rọ̀ lásán ni. Orílẹ̀-èdè 17 ní kí wọ́n sọ ọ́, 19 ní rárá, 11 kò dá sí i. Pakistan wà nínú àwọn tí ó ní rárá. Indonesia wà níbẹ̀, Qatar àti Emirates náà wà níbẹ̀. Somalia nìkan ni mo rí nínú àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọjà tí wọ́n ń bá Ṣáínà ná ni ó di ẹnu àwọn ìyókù. Bí ó bá jẹ́ òyìnbó ni ó ń fi ìyà jẹ Mùsùlùmí, ǹjẹ́ wọn ì bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀tọ́ náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹ̀tàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, ní ìlú Paris, orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n 8 kò dìbò. Ẹsẹ 18 nínú rẹ̀ sọ pé olúkúlùkù ló ní òmìnira láti ní ẹ̀sìn, láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, àti láti ṣe é ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Saudi Arabia wà nínú àwọn tí kò dìbò, nítorí ọ̀rọ̀ yíyí ẹ̀sìn padà yẹn. Ṣùgbọ́n Pakistan, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, dìbò fún un, aṣojú wọn Muhammad Zafrulla Khan sì dìde, ó fi Kùránì Alápọ̀nlé ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Kì í ṣe pé ó fi agbára yí Kùránì sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ké Súrà Bákárà dé áyà 256 mọ̀ pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí a fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sìn. Ànábì wa pàápàá, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà ń fi ìyà jẹ àwọn tí ó gbà á gbọ́, Ábísíníà ni ó rán díẹ̀ nínú wọn lọ, sọ́dọ̀ ọba tí ó jẹ́ onígbàgbọ́. Ọba náà gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì kọ̀ láti dá wọn padà fún àwọn ikọ̀ tí Mẹ́kà rán wá pẹ̀lú ẹ̀bùn. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ aṣojú àti òmìnira ẹ̀sìn kò kan Mùsùlùmí, ẹ bi í pé ta ni ó gba àwọn ará wa sílẹ̀ nígbà náà.

Nàìjíríà wọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 38, fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn bákan náà. Abala 10 sì ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìlú. Nítorí náà, bí a bá ń bèèrè ẹ̀tọ́ yìí, ohun tí ó jẹ́ tiwa ni a ń bèèrè.

Ohun tí ojú Ìjẹ̀bú ti rí

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ń ba akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìdí. Àwa Ìjẹ̀bú mọ bí ó ti ń rí nígbà tí àlejò bá fi ìbọn gbé òmìnira wá. Ṣáájú ọdún 1892, ọjà tí ó ń ti ilẹ̀ òkè lọ sí ọ̀sà gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú kọjá, àwọn baba wa kò sì jẹ́ kí àlejò gba ọ̀nà náà bí ó ti wù ú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1892, Gómìnà Gilbert Carter ní Èkó mú kí àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba sì máa fún Awùjalẹ̀ ní 500 pọ́n-ùn lọ́dún dípò owó ibodè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní Ìjẹ̀bú ti yẹ àdéhùn. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọn kò jẹ́ kí òyìnbó oníwàásù kan kọjá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ogun dé. Ìbọn Maxim fọ́ àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn, àwọn òyìnbó sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe.

Ẹ̀sìn wà lẹ́nu wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọjà ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn ogun náà ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú pọ̀, bóyá ju bí àwọn oníwàásù ti rò lọ. N kò lè sọ pé kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú kò tún ní àṣẹ lórí ọ̀nà àti ọjà rẹ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ jẹ́ méjì. Èkínní ni pé ẹni tí ó bá fi ìbọn gbé òmìnira wá yóò gba owó rẹ̀. Èkejì, tí a kì í fẹ́ sọ, ni pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tí a tì mọ́ àlejò ni wọ́n rí fi ṣe àwáwí.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè máa ń jẹ́ ti ìbọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn láti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ó rántí àgọ́ tí ó wà ní Orù. Nígbà tí ogun Liberia bẹ́ sílẹ̀ ní òpin ọdún 1989, tí Sierra Leone náà tún gbaná lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn asásálà sí láti ọdún 1990 títí di ọdún 2007. Ní Liberia, àwọn ọmọ ogun Charles Taylor máa ń dọdẹ àwọn Mandingo, tí ọ̀pọ̀ jùlọ wọn jẹ́ Mùsùlùmí. Àdéhùn àwọn asásálà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1951 dárúkọ ẹ̀sìn lára ohun tí ènìyàn lè sá fún. Àdéhùn orí ìwé yìí di orule lórí ènìyàn ní àárín wa, ẹ̀yin oníṣòwò Orù sì ta gàrí àti epo fún wọn láìbi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń kírun tàbí tí wọ́n ti ń kọrin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ Gambia, orílẹ̀-èdè kékeré ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, gbé Myanmar lọ sí Kóòtù Àgbáyé ní The Hague ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 nítorí àwọn Mùsùlùmí Rohingya. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020 kóòtù náà pàṣẹ pé kí Myanmar dáàbò bò wọ́n. Gambia kò ní ọkọ̀ ogun tí ó lè dé ọ̀hún. Ẹjọ́ ni ó ro.

Òótọ́ tí a gbọ́dọ̀ sọ

Ìyá aláṣọ, mo padà sọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe òótọ́ pé Mùsùlùmí ni ó ń pa, tí Kìrìsìtẹ́nì nìkan sì ń kú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, àwọn apànìyàn ju bọ́ǹbù, wọ́n sì yìnbọn sí àwọn tí ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kano. Ó ju 100 ènìyàn tí ó kú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa ó kéré tán 40 ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ṣùgbọ́n ẹnu Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wúwo láti sọ èyí tí ó kù. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 110 kó ní ilé ẹ̀kọ́ Dapchi ní Yobe. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn padà ní oṣù Kẹta, wọ́n dá Leah Sharibu dúró nítorí pé ó kọ̀ láti fi ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àwọn èrò pa Deborah Samuel, akẹ́kọ̀ọ́ ní Sókótó, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ sí Ànábì. Ta ni ó rán wọn? Bí a kò bá lè sọ pé èyí burú, kí a má retí kí ayé gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ Kano.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ẹ jẹ́ kí a wá wọn kóńgò tiwa. Nígbà tí Kóòtù Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ híjáàbù ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lò ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba l'Ékòó, a yọ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Abala 38 yẹn ni ó gbà wá. Nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Kayode Adetona, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè, wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì ní ìlànà Ìsìláàmù. Òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti ọdún 2021 lórí ìsìnkú ọba ti là á sílẹ̀ pé a lè sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀. Inú bí àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, wọ́n ní wọ́n gba ohun tí ó jẹ́ tiwọn. Àwa ní ẹ̀tọ́ kábíyèsí ni, òótọ́ sì ni.

Ó dára. Ní ọdún 2023 ńkọ́, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí kan ní Ìlọrin lọ kìlọ̀ fún ìyálórìṣà kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe? Wole Soyinka kọ ìwé sí Ẹ́míà Ìlọrin lórí rẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bú Soyinka. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ó bo pósí ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde àti gèlè ọmọ wa l'Ékòó, òun kan náà ni ó bo obìnrin náà. Bí a bá fà á ya lórí rẹ̀, ara tiwa ni yóò hàn síta.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà. A mọ Agẹmọ, a mọ Orò, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bọ ohun tí baba rẹ̀ bọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti àwọn ènìyàn mọ́lé ní ọ̀sán, tí obìnrin tí ó fẹ́ lọ tajà kò lè jáde, tí ẹni tí ó fẹ́ lọ kírun kò lè kọjá, wọ́n ti mú ẹ̀sìn tiwọn lé orí ẹlòmíràn. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe kò pọ̀. Ẹ̀yin Lèmọ́mù ní Òkè-Ṣòpin, Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkòrí àti Jápàrá, ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú wáàsí yín pé ẹ̀jẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì kò tutù ju tiwa lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi àwòrán òkú ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Súrà Hujuráàtì ti kìlọ̀ fún wa nípa ìròyìn tí a kò wádìí. Ẹ̀yin onílé ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ má bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní yàrá. Ẹ̀yin olórí ọjà àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù ní Ìwópin, níbi tí Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ìjọ́ ti pàdé, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀sìn di ohun tí a fi ń pín ìsọ̀ tàbí tí a fi ń fún ènìyàn ní àwìn.

Bí aṣojú ilẹ̀ òkèèrè bá tún dé Àbújá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, tí ó ní àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sin Ọlọ́run bí ó ti fẹ́, ẹ̀rí tí yóò ta á lẹ́nu pa ni kí Kìrìsìtẹ́nì ọjà wa fúnra rẹ̀ dìde pé, "Irọ́ ni, mo bá wọn gbé." Kò sí ẹni tí ó lè fi owó ra ẹ̀rí yẹn fún wa. Ìwà wa ni yóò rà á.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní kóńgò tí ó pé, kí ó dá àwọn tí ó wà nígbèkùn padà sílé, kí ó sì forí ji àwọn òkú wa. Àmín.